Kíkà àti Fífojúbù: Lámèyítọ́ Gbólóhùn Kan nínú Òfin Ààlà Ìnáwó Ìpínlẹ̀ Colorado

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ gbólóhùn kan nínú òfin-ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó so iye owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà lè ná lọ́dún mọ́ bí iye ènìyàn ibẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. A fi hàn pé gbólóhùn náà ń lo iye tí a fojú bù bí ẹni pé iye tí a kà ni. Ó pàṣẹ kí a ṣàtúnṣe iye ènìyàn nígbà tí ìkànìyàn bá dé, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa owó tí àṣìṣe ìfojúbù ti gbé lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2000 ni ẹ̀rí wa, a sì fi òfin irú rẹ̀ tí ó wà ní California wé e. Ní ìparí, a wo ohun tí atúmọ̀ èdè lọ́dọ̀ wa, ní Benin àti Togo, lè rí kọ́ níbẹ̀.

1. Ìfáàrà

Àwọn onímọ̀ èdè kì í sábà ka òfin ìnáwó. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé àti àwọn agbẹjọ́rò ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ni wọ́n fi ń kọ òfin, bí gbólóhùn náà bá sì ní àlàfo, owó àwọn ará ìlú ni yóò gba inú àlàfo náà jáde. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé irú òfin bẹ́ẹ̀ tọ́ sí àyẹ̀wò tí a ń ṣe fún ìwé yòówù.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, àwọn olùdìbò Colorado fọwọ́ sí àfikún kan sí òfin-ìpìlẹ̀ wọn. Douglas Bruce ni ó kọ ọ́. TABOR ni àwọn ènìyàn ń pè é, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ àwọn tí ń san owó-orí. Abala kẹwàá òfin-ìpìlẹ̀ náà ni ó wà, ní apá 20. Òfin yìí ní kí ìjọba má ṣe fi owó-orí kún owó-orí láìjẹ́ pé àwọn olùdìbò gbà. Ó tún fi ààlà sí bí ìnáwó ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó lọ́dọọdún. Apá kejì yìí ni iṣẹ́ wa dá lé.

Bí a bá sọ èrò gbólóhùn náà ní Yorùbá, ohun tí ó ń wí nìyí: ìdá tí ìnáwó ìjọba ìpínlẹ̀ lè fi pọ̀ sí i lọ́dún kò gbọdọ̀ ju ìdá tí ọjà fi gbówó lórí lọ, pẹ̀lú ìdá tí iye ènìyàn ìpínlẹ̀ náà fi yí padà nínú ọdún tí ó kọjá. Gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e ni ó sọ ibi tí a ó ti mú iye ènìyàn: ìfojúbù ọdọọdún tí àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ń ṣe ni a ó lò, a ó sì máa ṣàtúnṣe iye náà ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá kí ó lè bá ìkànìyàn mu. Lórí gbólóhùn kejì yìí ni a dúró lé.

2. Bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Àpẹẹrẹ kan yóò mú un yé wa. Ká ní ààlà ìnáwó ọdún kan jẹ́ bílíọ̀nù 10 dọ́là. Ká ní ọjà gbówó lórí ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, iye ènìyàn sì pọ̀ sí i ní ìdá 2. A ó ro méjèèjì pọ̀, yóò jẹ́ 5, ààlà ọdún tí ó tẹ̀ lé e yóò sì di bílíọ̀nù 10.5. Bí owó tí ó wọlé bá ju èyí lọ, ìjọba gbọ́dọ̀ dá èyí tí ó lé padà fún àwọn tí ń san owó-orí, àfi bí àwọn olùdìbò bá ní kí ìjọba mú un. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2022 nìyẹn: ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 750 dọ́là, tọkọtaya tí wọ́n jọ kọ ìwé owó-orí wọn pọ̀ sì gba 1,500.

Ká wá ní àwọn ènìyàn pọ̀ sí i ní ìdá 3 ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìfojúbù ní ìdá 2 ni. Ní ọdún àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 100 dọ́là ni ó bọ́ sí ìta ààlà. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú ìpínlẹ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n orí ààlà ọdún yìí ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò ti ọdún tí ń bọ̀. Bí àṣìṣe ìdá kan yìí bá ń bá a lọ fún ọdún márùn-ún, ààlà ọdún karùn-ún yóò fi bí mílíọ̀nù 620 dọ́là kéré sí ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́, àpapọ̀ ohun tí ó sọnù láàárín ọdún márùn-ún náà yóò sì ju bílíọ̀nù 1.7 lọ. Iye àpẹẹrẹ ni a lò, ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà ṣe ń rìn nìyẹn gan-an: àṣìṣe kì í dúró sí ọdún tí ó ti ṣẹlẹ̀.

3. Ta ní ń fojú bù, báwo sì ni?

Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni Amẹ́ríkà ń ka àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún tí ó bá parí sí òdo ni wọ́n ń fi ṣe ọjọ́ ìkànìyàn. Láàárín ìkànìyàn méjì, àjọ náà a máa mú iye tí ó kà kẹ́yìn, a fi àwọn ọmọ tí a bí kún un, a yọ àwọn tí ó kú kúrò, a sì ṣírò àwọn tí ó kó wọlé àti àwọn tí ó kó jáde. Ìbí àti ikú ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ó ṣe é gbára lé. Ìṣòro wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣí kiri. Amẹ́ríkà kò ní ìwé tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí bí ó bá kó láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Nítorí náà, àjọ náà ń wo àdírẹ́sì tí ó wà lórí ìwé owó-orí ní ọdún kan, ó sì ń fi wé ti ọdún kejì. Ẹni tí kò bá kọ ìwé owó-orí, bí ọ̀dọ́ tí ó wá wáṣẹ́ tàbí àjèjì tí kò tíì fìdí múlẹ̀, lè máà hàn rárá.

Irú ìpínlẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń wọ́ lọ ni Colorado. Ìbí kọ́ ni olórí ohun tí ó sọ ọ́ di ńlá láàárín ọdún 1990 sí 2000. Àwọn tí ó kó wá láti ibòmíràn ni. Apá tí ìfojúbù kò ti lágbára, níbẹ̀ gan-an ni ìpínlẹ̀ yìí ti ń dàgbà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí kì í ka ìwé ìṣirò lè máà kíyè sí. Bí àjọ náà bá ti ń gbé ìfojúbù ọdún tuntun jáde, ó ń ṣàtúnṣe sí ti àwọn ọdún tí ó ti kọjá lẹ́yìn ìkànìyàn. Nítorí náà, ọdún kan ṣoṣo lè ní iye ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tí a bá mú sì sinmi lórí ọdún tí a wò ó. Gbólóhùn Colorado kò sọ èyí tí òun ń tọ́ka sí nínú wọn.

4. Ohun tí ìkànìyàn ọdún 2000 fi hàn

Ìkànìyàn ọdún 1990 rí 3,294,394 ènìyàn ní Colorado. Ti ọdún 2000 rí 4,301,261. Ìyẹn ni pé ìpínlẹ̀ náà fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ pọ̀ sí i láàárín ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìfojúbù tí àjọ náà ṣe fún oṣù keje ọdún 1999 kò ju mílíọ̀nù 4 àti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 56 lọ. Kò sí ẹni tí yóò gbà pé ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin mílíọ̀nù kan ènìyàn wọ Colorado láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n ti wà níbẹ̀. Ìfojúbù ni kò rí wọn.

Àwọn ọdún yẹn náà ni owó ń wọlé dáadáa. Láti ọdún ìnáwó 1996–97 títí dé 2000–01, ìjọba Colorado ní owó tí ó kọjá ààlà, èyí tí ó gbọ́dọ̀ dá padà, àpapọ̀ rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù 3 dọ́là lọ. Bí ìfojúbù bá ti sún mọ́ òtítọ́, ààlà ì bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan nínú owó yẹn kì bá sì jẹ́ owó tí ó kọjá ààlà. Àwọn tí a kò rí yìí ń gun títì ìpínlẹ̀, wọ́n ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, wọ́n sì ń san owó-orí lórí ohun tí wọ́n ń rà. Owó wọn wọlé, ṣùgbọ́n orí wọn kò wọ inú ìṣirò.

Nígbà tí ìkànìyàn wá dé, iye ènìyàn fò sókè lójú kan, bí òfin ṣe pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ọdún 2001 ni ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà rẹ̀ sílẹ̀. Ààlà ga, owó kò sì sí tí a ó fi dé ibi tí ó ga dé. Ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nígbà náà, orí iye tí ó bá kéré jù láàárín ààlà àti owó tí ó wọlé ni wọ́n ti ń ṣírò ààlà ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Bí owó bá dínkù, ààlà yóò bá a wálẹ̀, kò sì ní lè tètè gòkè mọ́. Ní ọdún 2002, ilé aṣòfin ṣe òfin kan tí ó jẹ́ kí ìjọba tọ́jú ìdá ìdàgbàsókè tí kò rí lò, kí ó lè lò ó ní àwọn ọdún tí ń bọ̀. Ní ọdún 2005, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí Referendum C, èyí tí ó dá ìdápadà owó náà dúró fún ọdún márùn-ún, tí ó sì mú kí ààlà má ṣe máa bá owó wálẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ń ka gbólóhùn. Òfin-ìpìlẹ̀ ní kí a ṣe àtúnṣe, wọ́n sì ṣe àtúnṣe bí a ṣe kọ ọ́. Síbẹ̀, ó di dandan kí ilé aṣòfin wá òfin mìíràn kí àtúnṣe náà tó lè ní ìtumọ̀. Gbólóhùn tí ó nílò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò pé.

5. Gbólóhùn náà lábẹ́ àyẹ̀wò

Àlàfo mẹ́ta ni a rí níbẹ̀.

Èkíní ni ọ̀rọ̀-ìṣe «ṣàtúnṣe». Àbọ̀ rẹ̀ ni «iye ènìyàn». Òfin náà kò fi owó ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe yìí níbikíbi. Iye ènìyàn ọdún 2000 ni a ó tún ṣe. Ààlà ọdún 1996, 1997 àti 1998, tí a fi iye tí kò tọ́ ṣírò, yóò wà bí ó ṣe wà. A tún àmì ṣe, a kò tún ohun tí àmì náà ti fà ṣe. Nínú gírámà, àbọ̀ kan ṣoṣo ni ó dín. Nínú àpò ìjọba, iye owó tí ó tó kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé ni.

Èkejì ni pé gbólóhùn náà kò fi ìyàtọ̀ sáàárín irú ìmọ̀ méjì. Ní Yorùbá, ẹni tí ó kà ni ó kà. Ẹni tí ó bá fojú bù kò ní sọ pé òun kà; bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń gbọ́ ọ lè pè é ní òpùrọ́. Kì í ṣe pé a ní òǹtò gírámà tí ń fi orísun ìmọ̀ hàn, bí àwọn èdè kan ṣe ní in. Yíyan ọ̀rọ̀-ìṣe ni a fi ń ṣe é. Òfin Colorado dá orúkọ «ìfojúbù» náà pè, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dá a pè tán, ó gbé e sí ipò iye tí a kà: ó yọ ọ́ kúrò lára ti ọdún tí ó ṣáájú, ó mú ìdá rẹ̀, ó sì fi sọ ìnáwó di dandan tàbí di èèwọ̀. Kò fi àyè sílẹ̀ fún «bóyá», bẹ́ẹ̀ ni kò fi àyè sílẹ̀ fún «láàárín èyí sí èyí», tí ó jẹ́ ohun tí ìfojúbù máa ń gbé wá. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òfin yìí ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kò sì kà á tán.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀-orúkọ «ènìyàn» fúnra rẹ̀. Nínú ìṣirò yìí, orí kan jẹ́ orí kan. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí yóò lọ sí ilé-ìwé, arúgbó tí ó nílò ìtọ́jú, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ tí kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí àwọn arúgbó bá ń pọ̀ ju àwọn tó kù lọ, ìnáwó ìlera yóò yára ju iye ènìyàn lọ, gbólóhùn náà kò sì ní rí i. Ó yani lẹ́nu pé òfin kan náà mọ ìyàtọ̀ yìí nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn agbègbè ilé-ìwé: níbẹ̀, iye akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ní kí a wò, kì í ṣe iye gbogbo ènìyàn. Fún ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀.

6. California: ọ̀nà mìíràn láti kọ ọ́

California ni ó ṣáájú nínú irú òfin yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1979, àwọn olùdìbò ibẹ̀ fọwọ́ sí Proposition 4, tí Paul Gann ṣagbátẹrù rẹ̀. Òun náà so ààlà ìnáwó mọ́ iye ènìyàn àti owó ọjà. Ní ọdún 1987, ó mú kí ìjọba dá bílíọ̀nù 1.1 dọ́là padà fún àwọn asanwó-orí.

Ọ̀nà méjì ni gbólóhùn California fi yàtọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kò kọ orísun ìfojúbù sínú òfin-ìpìlẹ̀. Ó ní kí ilé aṣòfin yan ọ̀nà tí a ó gbà mọ iye ènìyàn, kí a sì máa tún un ṣe bí ó bá ti yẹ láti fara mọ́ ìkànìyàn. Ẹ̀ka ìṣúná ìpínlẹ̀ náà ni ó ń ṣe ìfojúbù ọ̀hún. Colorado náà ní ọ́fíìsì tirẹ̀ tí ń ṣírò iye ènìyàn ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á láyè kí ó lo iye yẹn fún ààlà. Lẹ́ẹ̀kejì, ní ọdún 1990, Proposition 111 yí ìtumọ̀ iye ènìyàn padà fún ìpínlẹ̀ California: wọ́n da ìyípadà iye gbogbo ènìyàn pọ̀ mọ́ ìyípadà iye akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ó kọ ọ́ ti rí àlàfo kẹta tí a sọ lókè.

A kò sọ pé ti California dára ní gbogbo ọ̀nà. Ilé aṣòfin tí ó lè yan ọ̀nà ìṣirò lè yan èyí tí yóò fún un ní ààyè jù. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó kọ TABOR fi mú ìfojúbù kúrò lọ́wọ́ àwọn tí yóò ná owó náà. Ìpinnu tí ó ní ọgbọ́n ni. Ohun tí a ń wí ni pé wọ́n dáàbò bo iye náà kúrò lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn, wọn kò sì dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ àṣìṣe.

7. Àtakò méjì

Ẹnìkan lè sọ pé a kò lè ka ènìyàn lọ́dọọdún, ìṣúná sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́dọọdún. Kí ni a ó lò bí kò ṣe ìfojúbù? Òótọ́ ni. Àwa kò bá ìfojúbù jà. Ohun tí a bá jà ni òfin tí ó mọ̀ pé òun ń lo ìfojúbù, tí ó mọ̀ pé yóò yàtọ̀ sí ìkànìyàn, tí ó tilẹ̀ sọ ọjọ́ tí ìyàtọ̀ náà yóò hàn, tí ó sì dákẹ́ lórí ẹni tí yóò ru ẹrù rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kíkà pàápàá kì í pé. Òótọ́ ni èyí náà. Ìkànìyàn ọdún 1990 fo nǹkan bí mílíọ̀nù 4 ènìyàn ní gbogbo Amẹ́ríkà, nítorí náà apá kan nínú ohun tí ó dà bí ìdàgbàsókè ní ọdún 2000 lè jẹ́ pé a kà dáadáa jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àṣìṣe sì lè lọ sí apá kejì. Ní ọdún 2020, ìfojúbù fún Colorado jẹ́ 5,807,719, ìkànìyàn sì rí 5,773,714. Lọ́tẹ̀ yìí, ìfojúbù ni ó pọ̀ jù, ààlà ni a sì fà wálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwíjàre wa ni èyí ń tì lẹ́yìn. Gbólóhùn tí ó pé kì bá ṣe ojúsàájú sí ìjọba tàbí sí asanwó-orí. Yóò sọ ohun tí a ó ṣe bí ìyàtọ̀ bá lọ sókè àti bí ó bá lọ sílẹ̀.

Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣòro kọ. Bí àpẹẹrẹ: «Bí ìkànìyàn bá fi hàn pé ìfojúbù pọ̀ jù tàbí kéré jù, a ó tún ààlà ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín ìkànìyàn méjèèjì ṣírò, a ó sì pín ìyàtọ̀ náà sórí ààlà ọdún márùn-ún tí ń bọ̀, yálà ní fífi kún un tàbí ní yíyọ kúrò.» Níbí, ààlà ti di àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, kì í ṣe iye ènìyàn nìkan.

8. Àgbálọgbábọ̀: ohun tí ó kàn wá

Benin àti Togo kò ní òfin ààlà ìnáwó bíi ti Colorado. Ṣùgbọ́n iye tí a fojú bù ni àwa náà fi ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Benin ka ènìyàn ní 1979, 1992, 2002 àti 2013. Ti ọdún 2013 rí 10,008,749. Togo ka ènìyàn ní 1981, kò sì tún kà títí di 2010. Fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, gbogbo iye ènìyàn tí ìjọba Togo àti àwọn tí ń ràn án lọ́wọ́ fi ń ṣètò, láti orí àjẹsára dé orí ilé-ìwé, ìfojúbù ni.

Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé ń gbé recensement, estimation àti projection sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí a bá wá ń túmọ̀ ìròyìn ìjọba sí Yorùbá fún rédíò Kétu tàbí Sábẹ̀, «iye ènìyàn» nìkan ni a sábà máa ń sọ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A dábàá pé kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣiṣẹ́ rẹ̀: kí a máa sọ «iye tí a kà» fún ìkànìyàn, «iye tí a fojú bù» fún ti àwọn ọdún tí ó wà láàárín, àti «iye tí a ń retí» fún ti ọ̀la. Kò gba ọ̀rọ̀ àyálò kankan, kò sì fẹ́ gùn jù lẹ́nu olóòtú ètò. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ bí ó ṣe lè gbára lé e tó, yóò sì mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: nígbà tí ẹ bá kà á tán tí ó sì yàtọ̀, kí ni ẹ ó ṣe sí ohun tí ẹ ti fi èyí tí ẹ fojú bù pín?